Ìrìn Àjò Afẹ́ Tí Èmi àti Ìyàwó Mi Rìn ní Ilẹ̀ Japan

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi, tí mo máa ń pè ní Ìyá Ìbejì, pinnu pé ilẹ̀ Japan ni a ó ti lo ìsinmi wa, ohun tí a kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí ni pé a kò ní máa sáré kiri láti ìlú dé ìlú. Kyoto ni a fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ni a ń sùn, ibẹ̀ náà ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo àwọn ìlú tó yí i ká. Ó dá mi lójú pé ìpinnu yìí ló mú kí ìrìn àjò náà tù wá lára, nítorí tọkọtaya tó bá ń di ẹrù, tó ń tú ẹrù lójoojúmọ́ kì í ráyè fún ara wọn, kì í sì í pẹ́ tí àárẹ̀ yóò fi sọ ọ̀rọ̀ kékeré di aáwọ̀.

Oṣù November ni a lọ. Ooru Kyoto máa ń mú gan-an ní July àti August, ìjì líle láti orí òkun sì wọ́pọ̀ títí di September. Ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May kò sì dára fún àlejò, torí ìgbà náà ni àwọn ará Japan fúnra wọn máa ń gba ìsinmi, tí ọkọ̀ àti ilé ìtura yóò kún dẹ́nu. Ní November, òtútù kò tíì le, ewé àwọn igi orí òkè sì ń pọ́n.

Ibi tó gba làákàyè jù ni ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. A ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa dé pápákọ̀ òfurufú Kansai, èyí tí wọ́n kọ́ sórí erékùṣù àtọwọ́dá, ṣùgbọ́n Tokyo ni a ti padà sílé, kí a má baà tún ọ̀nà kan náà rìn lẹ́ẹ̀mejì. Láti Kansai, ọkọ̀ ojú irin Haruka máa ń dé Kyoto láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Wọ́n sábà máa ń gba àlejò nímọ̀ràn pé kó ra ìwé ìwọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Japan Rail Pass, àmọ́ láti October 2023, owó ti ọlọ́jọ́ méje ti fò láti 29,650 yen sí 50,000 yen. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: àlọ àti àbọ̀ láti Kyoto sí Hiroshima kò tó 25,000 yen fún ẹnì kan, Kyoto sí Tokyo sì jẹ́ nǹkan bíi 14,000 yen. Nítorí náà, a ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì gba káàdì ICOCA fún ọkọ̀ inú ìlú, èyí tí èèyàn kàn máa ń fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé.

Fushimi Inari ni ọkàn mi ti wà tipẹ́. Ojúbọ náà kò ní àkókò ìtìpa, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé, nítorí náà a jáde nílé kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Ibùdókọ̀ kejì láti Kyoto ni Inari, bí èèyàn bá sì ti jáde níbẹ̀, iwájú ojúbọ ló já sí. Ọdún 711 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún Inari, òrìṣà tó ni ìrẹsì àti ìlọsíwájú òwò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ìránṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi wà níbi gbogbo, tí àwọn kan nínú wọn sì fi ẹnu gbé kọ́kọ́rọ́ abà ìrẹsì.

Láti ibẹ̀ lọ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnubodè onígi tí wọ́n ń pè ní torii ti tò tẹ̀lé ara wọn gun orí òkè tó ga ní mítà 233. Pupa rúsúrúsú ni wọ́n kùn wọ́n, ìsàlẹ̀ òpó wọn sì dúdú. Bí a ti ń gòkè lọ, a kò rí ohunkóhun lára wọn ju ọ̀dà lọ, àfi ìgbà tí Ìyá Ìbejì bojú wẹ̀yìn, tó sì pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ẹ̀yìn òpó kọ̀ọ̀kan kún fún àkọlé dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ oníṣòwò tàbí ilé iṣẹ́ tó fi ẹnubodè náà tọrẹ wà lápá kan, ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ wà lápá kejì. Nígbà náà ni a tó ṣàkíyèsí pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Òmíràn ṣì ń dán, òmíràn ti ṣá, igi àwọn kan sì ti ń jẹrà ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí a ó fi tuntun rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò tí wọn yóò sì padà. Ó dùn mí fún wọn, nítorí bí èèyàn bá dé oríta Yotsutsuji ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ìlú Kyoto yóò tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. A jókòó síbẹ̀, a ò kánjú.

A lo ọ̀sán ọjọ́ kan ní tẹ́ńpìlì Kiyomizu-dera, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ onígi, tí wọ́n tún kọ́ lọ́dún 1633, yọ sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè gbádùn lọ.

Nara kò tó wákàtí kan sí Kyoto. Òun ni olú ìlú Japan láti 710 sí 784, ère Búdà ńlá onídẹ tó wà ní tẹ́ńpìlì Todai-ji níbẹ̀ sì ga tó mítà 15. Ọdún 752 ni wọ́n ṣí i. Àgbọ̀nrín tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ń rìn fàlàlà nínú ọgbà ìlú náà, torí wọ́n gbà pé ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà ojúbọ Kasuga ni wọ́n. Bísíkíìtì tí wọ́n fi eérí ìrẹsì ṣe nìkan ló yẹ kí àlejò fún wọn, òun ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ra díẹ̀, bó sì ti gbé e sókè ni àgbọ̀nrín kan tẹ orí ba níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni ìyàwó mi náà bá kúnlẹ̀ díẹ̀ láti dáhùn.

Òun ló ní dandan ni kí a dé Hiroshima. A fi àwọn báàgì ńlá sílẹ̀ ní ilé ìtura wa ní Kyoto, a gbé báàgì kékeré kan ṣoṣo. Ilé tí wọ́n ń pè ní Genbaku Dome ni a kọ́kọ́ lọ wò. Jan Letzel, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló yàwòrán ilé náà, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1915. Ní August 6, 1945, bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàù lójú òfurufú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀gangan orí rẹ̀, síbẹ̀ lára ògiri rẹ̀ àti irin òrùlé rẹ̀ ṣì wà lóòró títí dòní. Nínú mùsíọ́ọ̀mù ìrántí, aago ọwọ́ kan wà tó dúró sí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15 òwúrọ̀, wákàtí tí bọ́ǹbù náà bú. A dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Níta, lẹ́bàá ère ìrántí àwọn ọmọdé, àwọn ẹyẹ tí wọ́n fi bébà ṣẹ́ ló so rọ̀ ní àìmọye, ní ìrántí Sadako Sasaki, ọmọ ọdún méjì nígbà tí bọ́ǹbù náà bú, tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì pa ní ọmọ ọdún 12 lọ́dún 1955. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó bá ń lọ Hiroshima má ṣe fi ohun mìíràn há òwúrọ̀ yẹn.

Nírọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Miyajima, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì sùn síbẹ̀. Mo ti wo àkókò tí òkun máa ń fà, nítorí náà a fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn tútù dé ìdí torii ńlá tó dúró nínú òkun. Ọdún 1875 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ó sì ga tó mítà 16. Wọn ò ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló mú un dúró. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, a rí i pé òpó ńlá méjèèjì ṣì wọ́ bí igi ṣe wọ́ nínú igbó, àti pé ìkarahun kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ wọn.

Ilé ìtura ìbílẹ̀ ni a wọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni a bọ́ bàtà sí, orí ẹní ni wọ́n tẹ́ ibùsùn wa lé, olùtọ́jú ilé náà sì fi bí a ṣe ń wọ yukata, aṣọ ìbílẹ̀ Japan, hàn wá: ti apá òsì ni yóò bo ti apá ọ̀tún, torí òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì. Kí èèyàn tó wọ inú omi gbígbóná, ó gbọ́dọ̀ ti fi ọṣẹ wẹ̀ mọ́ tónítóní níta. Okùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀ ni, àmọ́ ilé náà ní yàrá ìwẹ̀ kan tí tọkọtaya lè gbà fún wákàtí kan, a sì gbà á.

Nígbà tí a ń kúrò ní Kyoto, a ti fi báàgì ńlá ránṣẹ́ ṣáájú wa sí ilé ìtura Tokyo, torí láti ọdún 2020, ẹni tí báàgì rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ ní àpapọ̀ ìbú, òró àti gíga ní láti gba àyè fún un tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá. Àga D àti E ni mo gbà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni àga ti jẹ́ méjì-méjì, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni Òkè Fuji wà. Mo jẹ́ kí Ìyá Ìbejì jókòó sí E lẹ́bàá fèrèsé, òjò ò sì sú lọ́jọ́ náà, ó rí òkè náà látòkè délẹ̀. Ní Tokyo, tẹ́ńpìlì Senso-ji ní Asakusa nìkan ni a yà wò. Wọn kì í dá owó tó bá ṣẹ́ kù lórí káàdì ICOCA padà ní Tokyo, nítorí náà a fi tiwa ra oúnjẹ ní pápákọ̀ òfurufú kí a tó wọ ọkọ̀.