Bí Mísà àti ìsinmi ṣe lè jọ wọ inú wíkẹ́ńdì ìgbà òtútù

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìjọ Àgùdà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, nígbà òtútù bùláńkẹ́ẹ̀tì máa ń dùn ju Mísà lọ ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Èmi ò tiẹ̀ bá a jà mọ́. Láti Fráídè ni mo ti ń wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, tí wọ́n bá ti ní yìnyín máa bọ́ mọ́jú Sọ́ńdè, Mísà alẹ́ Sátidé ni mo máa ń lọ. Ó kà fún Sọ́ńdè dáadáa, ó wà nínú òfin Ìjọ, nọ́ńbà 1248, kì í ṣe ọgbọ́n ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì máa ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí Mísà yẹn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀, ó di Sọ́ńdè kẹ́ ẹ máa wo bọ́ọ̀lù tàbí kẹ́ ẹ máa hun súwẹ́tà yín lọ.

Ibi tí òtútù ti ń mú wa ni tíì. Wákàtí kan ṣáájú Kọmúníọ̀n la ò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu nǹkan kan, ti Kọmúníọ̀n o, kì í ṣe ti ìgbà tí Mísà bẹ̀rẹ̀, omi lásán àti oògùn nìkan ló yọ sílẹ̀. Tíì gbígbóná tẹ́ ẹ fẹ́ mu lójú ọ̀nà yẹn, inú fíláàsì ni kó wà títí Fádà á fi ní ká máa lọ ní àlàáfíà.

Rosárì ńkọ́? Ẹ máa kà á bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ gílọ́ọ̀fù tó nípọn ẹ ò lè mọ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ ẹ dì mú, mo ti ka Mo kí ọ Màríà mẹ́tàlá lórí ìdá kan, tó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá, rí láìmọ̀, ni mo bá fi ìlẹ̀kẹ̀ sápò tí mo ń fi ìka kà á nínú gílọ́ọ̀fù, ìka mẹ́wàá, ó pé. Ní ti ohun ìjìnlẹ̀, ìyẹn àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésí ayé Jésù àti Màríà tí à ń rò bá a ṣe ń ka Rosárì, ti ayọ̀ ni ti Sátidé, ti ògo ni Sọ́ńdè.

Tí ọ̀nà bá wá burú pátápátá, tàbí tí ara ò yá, ẹ jókòó sílé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Màmá àgbà kankan ò gbọdọ̀ yọ̀ ṣubú lórí yìnyín torí Mísà. Ẹ ka ìwé mímọ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ gbàdúrà.

Tí wíkẹ́ńdì bá bọ́ sí ọjọ́ 2 tàbí 3 oṣù Fẹ́búárì, ẹ gbé àbẹ́là ilé yín dání lọ́jọ́ kejì kí Fádà bù kún un, lọ́jọ́ kẹta, ti Bíláìsì Mímọ́, ẹni mímọ́ tí à ń bẹ̀ nítorí àrùn ọ̀fun, wọ́n á fi àbẹ́là méjì sọdá ara wọn sí yín lọ́fun, wọ́n á gbàdúrà. Èmi máa ń lọ lọ́dọọdún, mo ṣì máa ń ra oògùn ikọ́ mi o.