Ilé ẹyin ọmọ eku: ohun tí ẹ̀ ń bi mí ní gbogbo ọdún

Ọ̀kún o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí iṣẹ́ àṣekágbá bá ti ń sún mọ́lé, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀ lẹ ti ń gbé síláìdì (gíláàsì tí ẹ lẹ ègé ilé ẹyin mọ́) wá bá mi ní Kàbà, ẹjọ́ kan náà sì ni gbogbo yín ń rò. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ bó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Mi ò rí fọ́líkù (ẹyin kan pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká) kankan lábẹ́ máíkírósíkópù.

Ọ̀rá lẹ gé. Ilé ẹyin ọmọ eku tuntun kéré ju orí ìṣáná lọ, ẹ̀bá kíndìnrín ló fara pamọ́ sí.

PCR mi (àyẹ̀wò tó ń sọ ẹ̀dà jíìnì di púpọ̀ ká lè rí i) ò gbé nǹkan kan jáde.

Ṣé iná lọ? RNA, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí ẹ fà jáde lára sẹ́ẹ̀lì, kì í dúró de iná. Ẹ wo Actb ná, jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Bí òun náà ò bá jáde, RNA yín ti bàjẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ti ènìyàn ni primer (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń dá jíìnì mọ̀) tí ẹ rà: bí jíìnì kan náà bá wà lára àwọn méjèèjì, FIGLA ni wọ́n ń kọ ti ènìyàn, Figla ni ti eku.

Jíìnì wo ni kí n wá?

Ibi tí ẹyin dé ló máa sọ. Èkúté (mouse; rat ni eku tiwa) tí wọ́n yọ jíìnì Figla lára rẹ̀ kì í ní fọ́líkù rárá. Ẹyin rẹ̀ ń kú láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Bí Foxl2 ò bá sí, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó yí ẹyin ká ò ní lè wú kó dúró dáadáa. Bí Gdf9 ò bá sí, fọ́líkù á jí, àmọ́ kò ní kọjá ìpele tí ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yí ẹyin ká. Foxo3 ní tiẹ̀ ni bíréèkì: bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo fọ́líkù tó ń sùn á jí lẹ́ẹ̀kan náà, èkúté náà á sì yàgàn láìtọ́jọ́.

Ọjọ́ orí kan náà ni àwọn ọmọ eku mi, síbẹ̀ ohun tí mo rí ò bára mu.

Èyí ni mo bá jà fún oṣù márùn-ún. Gbogbo àgò tí mo mú ni wọ́n kọ “ọjọ́ 2” sí lára. Nínú ọ̀kan, ẹyin ṣù mọ́ra bí ẹyìn lórí ìdì. Nínú èkejì, ẹyin kọ̀ọ̀kan ti ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tó yí i ká. Mo pààrọ̀ fọ́málíìnì (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà), mo pọ́n abẹ, mo tún RNA fà. Mo tilẹ̀ rò pé otútù ọyẹ́ ló fà á, mo wá fi àpò ìdọ̀họ bo àwọn àgò. Kò yí padà.

Ní alẹ́ Sátidé kan, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sùn sí yàrá àwọn eku. Abo kan bí ní nǹkan bí aago 11. Lọ́jọ́ Ajé, mo wo ẹni tó ń bọ́ wọn bó ṣe ń kọ káàdì àgò yẹn: “bí lónìí.” Kò sẹ́ni tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, “ọjọ́ 2” tí mo máa gé ní Wẹ́sídè ti jẹ́ ọjọ́ 4.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni òṣùṣù ẹyin eku ń tú di fọ́líkù. Èkúté kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kí wọ́n tó bí i, nítorí náà ẹ má fi kàlẹ́ńdà ọ̀kan ka ti èkejì.

Aago 6 àárọ̀ àti 6 ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wo àgò báyìí, títí kan ọjọ́ Àìkú. Wákàtí ni mò ń kọ, ọjọ́ ìbí sì ni ọjọ́ 0.

Ṣé kí n wá onímọ̀?

Fún kíka fọ́líkù, bẹ́ẹ̀ ni, kíá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tí kò mọ àgò tí síláìdì ti wá tún un kà. Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ mú káàdì àgò dání. Mi ò ní wo síláìdì láìsí i.