Kí Eku Má Baà Kọ́ Ohun Tí Ẹ Ò Kọ́ Ọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìdánimọ̀ Oògùn Oorun

Eku inú yàrá ìwádìí kò lè fẹnu sọ pé diazepam, oògùn oorun kan, ni wọ́n fún òun lónìí, ṣùgbọ́n ó lè fọwọ́ sọ ọ́. Ọ̀pá ìtẹ̀ méjì ló wà nínú àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba oògùn, ọ̀tún ló ń mú oúnjẹ wá. Lọ́jọ́ tí kò bá gbà á, òsì ni. Ó máa tẹ ọ̀pá nígbà 10 kí kóró oúnjẹ kan tó já bọ́. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, bó ṣe ń ṣe é lára ni yóò fi mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Lọ́kọ́jà, ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni pé eku lè kọ́ nǹkan mìíràn tí kì í ṣe oògùn, kí ìwé àkọsílẹ̀ yín sì máa dára lójú.

Omi tí a fi po oògùn ló sábà máa ń fà á. Diazepam kì í yòrò dáadáa nínú omi, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi propylene glycol (omi kẹ́míkà kan tó ń yọ́ oògùn) pò ó, tí wọ́n á sì fún eku ní omi iyọ̀ lọ́jọ́ tí kò sí oògùn. Propylene glycol ń ta eku nínú ikùn. Ìtani yẹn ni eku á máa fi dá ọjọ́ mọ̀, kì í ṣe diazepam. Ohun kan náà tí ẹ fi po oògùn ni kí ẹ fún un lọ́jọ́ tí kò sí oògùn, ní ìwọ̀n kan náà (mílílítà 1 fún kìlógíráàmù 1, èyí tó jẹ́ 0.3 fún eku oní-gíráàmù 300), kí àkókò tí ẹ ó fi dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà sì dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí, chlordiazepoxide hydrochloride, oògùn tó jẹ́ ìbátan diazepam, ń yòrò nínú omi.

Ẹ má ṣe to ọjọ́ ní oògùn, omi, oògùn, omi. Eku á kàn máa pààrọ̀ ọwọ́ lójoojúmọ́ ni. Ẹ da ètò ọjọ́ oògùn àti ọjọ́ omi rú, kí irú ọjọ́ kan má tẹ̀ léra ju ọjọ́ 2 lọ. Kí ọ̀tún jẹ́ ti oògùn fún ìdajì àwọn eku, kí òsì jẹ́ ti ìdajì yòókù. Ẹ sì wo eku bó ṣe ń wọlé: imú ló kọ́kọ́ ń nà sí ọ̀pá kí ó tó gbé ọwọ́ lé e. Bí eku tó ṣáájú rẹ̀ bá ti lo gbogbo àkókò rẹ̀ lọ́tùn-ún, òórùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀pá méjèèjì kí òmíràn tó wọlé.

Ẹ má ka gbogbo ìtẹ̀ ọjọ́ náà. Ìtẹ̀ tó wáyé kí kóró àkọ́kọ́ tó bọ́ nìkan ló ń sọ òtítọ́, torí lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ ti sọ ìdáhùn fún un. Nígbà tí ìdá 80 nínú 100 bá bọ́ sí apá tó yẹ, ní ọjọ́ 8 nínú 10 tó tẹ̀ léra, a lè gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ bá fún un ní oògùn mìíràn tàbí ìwọ̀n mìíràn láti wo ibi tí yóò tẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì máa fúnni lóúnjẹ, tàbí kí ọ̀kankan má fúnni. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá ń fúnni, ẹ̀kọ́ tuntun lẹ ń kọ́ ọ yẹn.

Ní ti ìwọ̀n oògùn: tí pentobarbital, oògùn oorun mìíràn, bá pọ̀ jù, eku á sùn ti ọ̀pá. Tí kò bá tẹ̀ tó ìgbà 10, ẹ má ṣírò ìdá kankan fún un. Ẹ máa kọ bó ṣe yára tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó tẹ̀. Ooru náà ń mú eku rẹ̀wẹ̀sì. Ìwọ̀n 20 sí 26 lórí Celsius ló bá a mu, tí iná bá sì lọ lóṣù Kẹta níhìn-ín, yàrá á gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdùbúlẹ̀ ooru lẹ ó wá máa pè ní iṣẹ́ oògùn. Ẹ tètè ṣiṣẹ́ láàárọ̀.

Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù kí ìwọ̀n ara rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìwọ̀n tó ní nígbà tó ń jẹun bó ṣe wù ú, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ẹ gbàṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ẹranko ṣáájú. Ẹ má ṣe lọ mú eku oko wá. Inú wọn ni ìbà Lassa ti ń wá.

Ẹ má sì yára kéde pé oògùn méjì jẹ́ ọ̀kan. Eku tí a fi pentobarbital kọ́ máa ń tẹ apá oògùn nígbà tí wọ́n bá fún un ní lorazepam (ìbátan diazepam), ṣùgbọ́n èyí tí a fi lorazepam kọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún pentobarbital. Flumazenil, oògùn kan tó ń tako irú oògùn bíi diazepam, ń paná iṣẹ́ diazepam lára eku, kò sì paná ti pentobarbital. Pé eku tẹ apá oògùn kò sì sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀: ìdánwò tí eku ti ń tẹ ọ̀pá kí oògùn fúnra rẹ̀ lè wọ ara rẹ̀ ló ń dáhùn ìyẹn.