Má Dúró De Òjò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Pààrọ̀ Wáípà Ọkọ̀

Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí di òpin oṣù kejì, ọ̀pọ̀ wa kì í rántí pé wáípà wà lára ọkọ̀. Á wá di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ojú ọ̀run á ṣú, ìjì á gbé yanrìn, òjò ńlá á sì bọ́ lulẹ̀. A tan wáípà. Dípò kí ó gbá omi kúrò, ńṣe ló ń tẹ́ ẹrẹ̀ pupa kiri ojú gíláàsì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Ògèrè. Tírélà méjì wà níwájú mi, táyà wọn ń fọ́n omi ẹlẹ́rẹ̀ sókè, mi ò sì rí iná ẹ̀yìn wọn mọ́. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tan iná tó ń ṣẹ́jú, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, àyà mi ń já, títí òjò fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo wá wo wáípà náà, rọ́bà rẹ̀ ti gan, ẹnu rẹ̀ ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òjò kọ́ ló bà á jẹ́. Oṣù mẹ́rin tó fi wà lábẹ́ oòrùn láìṣe nǹkan kan ló pa á, òjò kàn wá tú àṣírí rẹ̀ ni.

Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, mo ti fi owó ara mi kọ́ púpọ̀. Ìyókù, ara ọkọ̀ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni mo ti rí wọn.

Kí a máa dúró de òjò kí a tó wo rọ́bà

Oòrùn ni ọ̀tá rọ́bà. Ó máa ń gba rírọ̀ kúrò lára rẹ̀, ooru tó ń jáde lára gíláàsì a sì máa yan án láti abẹ́. Eruku ọyẹ́ tó bá ṣù sí ẹnu rẹ̀ yóò wá máa ṣe bí yanrìn tí a fi ń ha irin. Ìdí nìyí tí wáípà ọkọ̀ tí wọ́n kàn gbé sí ìta gbangba, tí kì í sábà jáde, fi lè tètè kú bí ti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ṣe wáípà sábà máa ń ní kí á pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12. Pẹ̀lú oòrùn ilẹ̀ wa, èmi ò jẹ́ dúró de oṣù 12. Ìparí oṣù kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ni mo ń pààrọ̀ tèmi. Tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, mo tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òjò àrọ̀kúrò ṣì ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá.

Àyẹ̀wò náà kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé apá wáípà sókè, kí ẹ fi ìka méjì fa ẹnu rọ́bà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá le, bí ó bá ya, tàbí bí ó bá tẹ̀ sí apá kan tí kò sì padà, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí gíláàsì kí ẹ sì tan án. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń kù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rọ́bà ti ya tàbí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ ọn; ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún ná kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Bí ibi fífẹ̀ kan bá wà tí kò kàn rárá, egungun tó gbé rọ́bà dúró ló ti tẹ̀ tàbí kí sìpíríǹgì inú apá ti dẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, tó ń fò lórí gíláàsì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn. Màá dé ibẹ̀.

Kí a máa fi ojú wọ̀n ọ́n

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Ènìyàn á dé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Gate ní Ìbàdàn, á ní, "Ẹ fún mi ní wáípà Corolla." Corolla wo? Ti ọdún wo? Láti ìran ọkọ̀ kan sí èkejì, gígùn wáípà máa ń yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti iwájú awakọ̀ gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ra méjì tó dọ́gba nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Nígbà tó tan wọ́n, wọ́n kọ́ ara wọn láàárín gíláàsì, èyí ò lè lọ, ìyẹn ò lè bọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí wọn ń kùn títí fíúùsì fi jó. Inú òjò ló ti ṣẹlẹ̀.

Èyí tó bá gùn jù á máa gbá èkejì, tàbí kó máa lu irin ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Èyí tó bá kúrú jù á fi omi sílẹ̀ síbi tí ojú awakọ̀ ń gbà wo ọ̀nà. Téèpù tí télọ̀ ń lò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wọn rọ́bà tó wà lára ọkọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ sì kọ ti awakọ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lára páálí, íńṣì tàbí mìlímítà ni ẹ óò rí: íńṣì 16 ni wọ́n ń pè ní 400, íńṣì 24 ni 600, íńṣì 26 ni 650. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti fi èyí tí kò tọ́ síbẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ ni téèpù yín máa wọ̀n. Bí ẹ bá ní ìwé ìlò tó bá ọkọ̀ wá, òun ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí gígùn bá tọ́ tán, ó ku orí ibi tí wáípà ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ Toyota, Honda àti Nissan tó wà lójú pópó wa ló ní apá tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ apẹja. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì ayé ìsinsìnyí kò ní ìwọ̀ yẹn. Tiwọn ní ibi kékeré tí à ń tẹ̀ tàbí etí méjì tí à ń fún pọ̀. Àwọn wáípà kan máa ń kó oríṣiríṣi ike sínú páálí kí oníkálùkù lè mú èyí tó bá apá tirẹ̀ mu. Ẹ ya fọ́tò orí apá náà sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ọlọ́jà bá ní, "Ó máa wọlé, ẹ jẹ́ ká fi wáyà dì í," ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Wáípà tí wọ́n fi wáyà dì lè já nígbà tí òjò bá le, irin tó kù á sì máa ha gíláàsì ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ tó ń bọ̀.

Mi ò sọ pé ohun tòkúnbọ̀ kò dára. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ló wà nínú ọkọ̀ tí mo ń wà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tòkúnbọ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbòmíràn kó tó dé ọwọ́ wa. Ti rọ́bà lásán tí wọ́n ń kiri nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ńkọ́? Bí egungun wáípà bá ṣì dára, ènìyàn lè pààrọ̀ rọ́bà nìkan, àmọ́ rọ́bà náà gbọ́dọ̀ bá ihò egungun mu rẹ́gí. Èyí tí ẹnì kan sáré fi àlùmọ́gàjí gé nígbà tí ọkọ̀ iwájú ń sún yóò yọ jáde, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù ni yóò sì yọ.

Bí owó bá tó o, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí kò ní egungun irin lóde, ni kí ẹ rà. Kò ní oríkèé tí eruku lè há sí, ó ń tẹ gíláàsì dọ́gba, afẹ́fẹ́ kì í sì tètè gbé e sókè lójú ọ̀nà márosẹ̀. Rọ́bà silicone wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fara da oòrùn ju rọ́bà lásán lọ.

Kí a gbé apá sókè láìtẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀

Àṣìṣe yìí ló dùn mí jù. Sìpíríǹgì inú apá wáípà lágbára gan-an. Tí a bá ti bọ́ wáípà kúrò, irin lásán ló kù lókè, tí atẹ́gùn tàbí ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan bá sì kàn án, á fi gbogbo agbára rẹ̀ lu gíláàsì. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo gbé ọkọ̀ lọ, ọmọkùnrin tó ń bá mi pààrọ̀ rẹ̀ bọ́ ti àtijọ́ kúrò, ẹnì kan pè é, ó yíjú wò ó. Apá bọ́ lulẹ̀, ó dún "kọ́!" Ìlà kan yọ lára gíláàsì, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Kí n tó délé, ó ti gùn tó apá. Wáípà ni mo lọ rà. Odindi gíláàsì iwájú ni mo padà san owó rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáípà ọkọ̀ yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ṣẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn po, kí ẹ tẹ́ ẹ sí orí gíláàsì lábẹ́ apá náà. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ọmọdé má lọ tan wáípà lójijì. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Bí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé bá rú yín lójú, èkejì ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè wò. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wáípà rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má fi tipátipá gbé e, á bó ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní bí a ṣe ń mú kí wáípà gòkè dúró fún iṣẹ́, ó wà nínú ìwé ìlò tó bá ọkọ̀ wá.

Tí tuntun bá wọlé dáadáa, ó máa ń dún "kà." Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ fà á díẹ̀ kó dá yín lójú. Kí ẹ sì yọ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ẹnu rọ́bà. Ààbò inú páálí ni. Mo ti rí ọkọ̀ tó ń rìn nínú òjò pẹ̀lú ike yẹn lára rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ń bú ọlọ́jà pé ayédèrú ló tà fún òun. Ẹ fi ọwọ́ mú apá náà padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́.

Kí a máa bá rọ́bà jà nígbà tí ẹ̀bi wà níbòmíràn

Ẹ rántí wáípà tó ń gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ó ṣeé ṣe kí gíláàsì ni kò mọ́: èéfín ọkọ̀ ńlá, epo ojú ọ̀nà, àti ohun ìdán tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fi pa gbogbo ara rẹ̀ títí kan gíláàsì. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì náà dáadáa, kí ẹ sì ṣàn án. Bí kò bá ṣíwọ́, ó lè jẹ́ apá ló lọ́. Rọ́bà gbọ́dọ̀ dúró gangan lórí gíláàsì kó lè máa yí ẹnu padà bó ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀; tí apá bá lọ́, ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni yóò máa tẹ̀ sí.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń yí i ṣùgbọ́n tí apá kan kò gbéra, ẹ má tíì sanwó fún ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ní kí ríwáyà fi sípánà wo nọ́ọ̀tì ìdí apá náà ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó dẹ̀ lásán ni.

Gíláàsì gbígbẹ, àti ohun tí à ń dà sí i

Nígbà ọyẹ́, ẹ má tan wáípà sí orí eruku. Yanrìn wẹ́wẹ́ ni ẹ ń fi ha gíláàsì, àmì rẹ̀ kì í lọ, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóru á sì máa fọ́n ká lójú yín nítorí rẹ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ike tí à ń rọ omi wáípà sí kì í sì í ṣe ibi tí à ń da ọṣẹ ẹlẹ́bú sí: á hó, á gbẹ sínú ihò tó ń tú omi jáde, á dí i. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù tí àwọn kan fi ń nu rọ́bà "kó lè rọ̀" ń wú u ni, wọ́n sì ń bà á jẹ́. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó mọ́ ti tó.

Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Chicago, tiyín ni yìnyín. Wáípà tó bá ti dì mọ́ gíláàsì, ẹ má tan án, ẹ má sì já a. Rọ́bà á ya tàbí kí ẹ̀rọ jó. Ẹ tan ooru ọkọ̀ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì tútù, ó lè sán. Omi ẹ̀rọ lásán á dì nínú ike, ẹ ra èyí tí wọ́n pò fún òtútù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáípà wà lára ohun tí wọ́n ń wò nínú àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ da omi sí gíláàsì, kí ẹ jókòó sí ipò awakọ̀, kí ẹ tan wáípà, kí ẹnì kan sì tan tọ́ọ̀ṣì sí yín láti iwájú. Ìlà tí ẹ ò rí lọ́sàn-án á hàn kedere. Bí ó bá wà, tí gíláàsì sì mọ́, ẹ mú un padà lọ bá ọlọ́jà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti páálí rẹ̀.