Etí kámẹ́rà ṣáájú ojú rẹ̀: bí a ṣe ń ra kámẹ́rà fídíò fún fíìmù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó

Kámẹ́rà fídíò àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Mo fi ya ìran kan nínú ọgbà ilé wa ní Mushin: ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ọkọ sọ̀rọ̀ ìdágbére. Àwa tí a dúró lẹ́yìn kámẹ́rà ń nu ojú. Nígbà tó dalẹ́ tí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló di olú òṣèré. Ohùn ìyá kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Mo yẹ ara kámẹ́rà náà wò tokètilẹ̀, kò síbi tí èèyàn lè ki máìkì bọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọlọ́jà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Òun á ní, "Bọ̀dá mi, 4K ni o," ìyẹn bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ wá yí kámẹ́rà náà padà, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ihò méjì lẹ kọ́kọ́ ń wá: ọ̀kan fún máìkì, ìkejì fún hẹ́dífóònù. Ihò kékeré tó ń gba ẹnu wáyà mílímítà 3.5 ló wọ́pọ̀. Àwọn kámẹ́rà ńlá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ihò XLR, ihò máìkì ńlá róbótó, tí wáyà rẹ̀ lè gùn jìnnà láìjẹ́ pé ariwo bá a wọlé, ṣùgbọ́n alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é láìní in. Èyí tí kò bá ti ní ihò máìkì rárá, ẹ gbé e padà sórí káńtà. Ihò hẹ́dífóònù ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ló máa jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí kámẹ́rà ń gbọ́. Tí kọ̀ndọ́ bá ké "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" sórí ọ̀rọ̀ òṣèré yín ní Òṣòdì, ojú ẹsẹ̀ lẹ ó ti mọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti wọkọ̀ lọ sílé.

Kí ẹ tún wò ó bóyá èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó. Kámẹ́rà tó bá ń dá a ṣe fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ wà nínú eré. Bí òṣèré bá ti dánu dúró láti mí, á ti gbé etí sókè láti wá nǹkan gbọ́, gbogbo ariwo àdúgbò á sì ya wọlé bí omi. Tí òṣèré bá tún sọ̀rọ̀, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó á kàn máa rò pé ẹnì kan ń ṣí fèrèsé, ó ń tì í.

Ìgbà yẹn la wá kan ojú. Ẹ má fi oòrùn òde dán kámẹ́rà wò; kò sí èyí tí kò dára lóòrùn. Abẹ́ káńtà ọlọ́jà, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ni kí ẹ darí rẹ̀ sí. Bí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ya àwòrán, bá ṣe kéré tó ni àwòrán á ṣe máa rú wúruwùru tó bí iná bá ti kéré. Kámẹ́rà bíi Sony FDR-AX700, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti íńṣì kan, máa ń gbà á mọ́ra, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé. Ní ti súùmù, èyí tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe nìkan ni kí ẹ kà. Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀ pé ó jẹ́ dígítà, àwòrán ni wọ́n kàn ń fà gùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọlọ́jà kì í sábà sọ, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ ọ́n. Iná tiwa níhìn-ín jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà sábà máa ń ya àwòrán 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá gbé irú rẹ̀ sábẹ́ àwọn iná gígùn funfun inú ṣọ́ọ̀bù, àwòrán lè máa ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Èyí tó ń ya 25 tàbí 50 ló bá iná ilé wa mu. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà lẹ rí, ẹ rí i pé ẹ lè fọwọ́ gbé ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó láti gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ṣíṣẹ́jú wìnnìwìnnì náà á rọlẹ̀.

Ẹnì kan á béèrè pé, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ń kọ́? Ó dáa, àwòrán rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, máa ń dúró fúnra wọn ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59. Kì í ṣe pé wọn ò lágbára. Owó ibodè ilẹ̀ Yúróòpù ló fà á: èyí tó bá lè ya tó ìṣẹ́jú 30, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n máa ń kà á sí nígbà náà, owó orí rẹ̀ á sì ga. Fún eré kéékèèké kò burú.

Ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú kámẹ́rà oníkásẹ́ẹ̀tì fà yín mọ́ra. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wákàtí kan gbáko ló máa gbà kó tó wọ kọ̀ǹpútà, ihò FireWire tó nílò kò sì sí lára kọ̀ǹpútà òde òní mọ́. Ti káàdì ni kí ẹ rà. Ní 4K tó ń kọ mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi 45 GB, nítorí náà káàdì 64 GB kò lè gba wákàtí kan ààbọ̀. Full HD, tí kò mọ́ tó 4K, ti tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ mú káàdì, hẹ́dífóònù àti máìkì tiyín dání. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì bu bí búrẹ́dì. Tí ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kó ya fídíò fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró, kí ẹ rí bí bátìrì ṣe ń sá. Káàdì tí ẹ bá rà níbẹ̀, ẹ da fáìlì sí i títí á fi kún, kí ẹ sì ṣí èyí tó gbẹ̀yìn wò. Káàdì ayédèrú máa ń pe ara rẹ̀ ní 128 nígbà tí kò gbà ju 8 lọ.

Ó ku ìdánwò kan. Ẹ ki máìkì bọ kámẹ́rà, ẹ fi hẹ́dífóònù sétí, kí ẹ ní kí ọ̀rẹ́ tó bá yín wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, kó máa ki oríkì ilé wọn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.