Kí ẹ tó wọ oko àgbàdo, ẹ rán ojú níṣẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Kétu, bí ẹ bá wọ oko láàárọ̀ tí labalábá funfun fò kọjá, ojú yín á bá a lọ. Bí ewé kan bá pọ́n láàárín àwọn tó tutù, ojú á tún ta sí i. Ẹ ò rán an níṣẹ́ o. Ohun tó dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fà á. Ìyá tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà kì í dúró de kí òkúta fa ojú òun. Ó ti mọ ohun tó ń wá, ọkàn rẹ̀ ló ń darí ojú.

Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní chenille légionnaire, kì í fa ojú. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Benin. Nígbà tó bá kéré, ó máa ń họ ara ewé títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa gba ibẹ̀ kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń wo inú ọ̀rá. Bó bá dàgbà, á wọnú ewé àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì kún ibẹ̀ bí ohun tó ń dà sílẹ̀ nígbà tí káfíńtà bá ń rẹ́ pákó. Àmì dúdú mẹ́rin wà nítòsí ìdí rẹ̀, bí igun mẹ́rin àpótí.

Àwọn àmì yìí ni kí ẹ fi rán ojú. Ẹ rìn bí lẹ́tà W, ẹ dúró níbi márùn-ún, ẹ wo igi àgbàdo 10 níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹyin àti kòkòrò tí ẹ bá rí, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa.

Ṣùgbọ́n ojú tí a rán níṣẹ́ lè má rí nǹkan mìíràn. Ní 1999, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Daniel Simons àti Christopher Chabris, ní kí àwọn èèyàn ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn nínú fídíò kan. Ẹnì kan tó wọ aṣọ ìnàkí gba àárín wọn kọjá, ó tún lu àyà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kà kò rí i rárá. Ó yé mi dáadáa, nítorí mo ti tẹjú mọ́ ewé rí, tí ejò ká jọ nídìí àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọmọ tó tẹ̀ lé mi, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wá nǹkan kan, ló pariwo.

Nítorí náà, ẹ mú ẹnì kan dání lọ sóko. Ẹ má fún un níṣẹ́ wíwá kòkòrò. Kó kàn máa wo ilẹ̀ àti àyíká.