Ìrẹ̀lẹ̀ ò gbówó lórí tó báyẹn o: àṣìṣe táwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun máa ń ṣe

Ẹ̀yin ará mi, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà nídìí wẹ́fíà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kó òṣìṣẹ́ tuntun wá, àṣìṣe kan náà ni, owó kan náà ni wọ́n ń fi ṣòfò. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wàásù pé ó yẹ ká ran ara wa lọ́wọ́, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Àwọn àṣìṣe ọ̀hún rèé:

1. Kẹ́ ẹ lọ rán súùtù tuntun torí pé wọ́n fi yín sí ọ̀ṣíà. Àga lẹ fẹ́ gbé o, ẹ ò fẹ́ gbéyàwó.

2. Kẹ́ ẹ máa ṣa iṣẹ́ jẹ. Ẹni tí Ọlọ́run pè sídìí máíkì àmọ́ tí kò pè sídìí tọ́yílẹ́ẹ̀tì, a mọ irú ìpè yẹn.

3. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Hẹn-ẹn, ibí gan-an ni mo ń bọ̀. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ ṣe àwọn opó lóore, á ra ìrẹsì báàgì méjì, kó tó pín in á ti lọ tẹ ọ̀rá tó ní fótò òun àtìyàwó ẹ̀, á ṣe bánà, á háyà onífótò, ẹ bá a ṣírò ẹ̀, owó báàgì kẹta ti lọ síbẹ̀! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe é. Lọ́dún 2012 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ díkìnì, ọ̀rá 100 ni mo tẹ̀, èmi rèé nínú agbádá, gbogbo eyín síta. Kóńgò ìrẹsì kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá àgbà kan gba tiwọn, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí, mo ń ṣe àmín. Nígbà tó yá mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, mo bá màmá yìí níbẹ̀, wọ́n tẹ́ gèlè sílẹ̀, wọ́n ti da ìrẹsì sórí ẹ̀, wọ́n yí ọ̀rá yẹn padà kí fótò mi lè wà nínú, wọ́n wá ń fọwọ́ bu ìrẹsì náà padà díẹ̀díẹ̀ kó má dà nù. Wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú o, díkìnì, iwájú ilé àna mi ni mo máa gbà kọjá."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọ̀rá 37 tó ṣẹ́kù, ìyàwó mi fi ń di ẹ̀wà sí fírísà, tí mo bá ti ṣí i báyìí, ojú ara mi ni mò ń rí, yìnyín ti bò ó, eyín ṣì wà níta.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Dọ́kásì, obìnrin tó máa ń ṣoore fáwọn aláìní, ti kú, wọ́n ti tẹ́ ẹ sí yàrá òkè, àwọn opó ló ń sunkún, tí wọ́n ń fi ẹ̀wù tó rán fún wọn han Pétérù. Àwọn opó ló fi hàn o, kì í ṣe Dọ́kásì.

Ìkẹrin, kẹ́ ẹ máa sọ pé "èmi ò já mọ́ nǹkan kan" tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ wá gbà á fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ tún máa fọ abọ́ nílé náà o.

Èyí tó kàn, mi ò mọ nọ́ńbà tá a dé mọ́, ni ti wíwẹ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó ṣáájú Gúúdù Fúráídè. Báàfù tuntun, táwẹ́ẹ̀lì tuntun, ẹni tí wọ́n fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ fún gan-an ti fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ nílé, ó ti fi ìpara sí i! Nínú Jòhánù 13, ẹsẹ̀ Júdásì wà nínú àwọn tí Jésù wẹ̀ o. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń yan odì nínú kúáyà, ṣé ẹ lè wẹ tiẹ̀? Èmi ò tíì lè ṣe é, ẹ jẹ́ n sòótọ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ mí lówó.

Ẹ sì máa bi èèyàn léèrè ohun tó nílò kẹ́ ẹ tó rà á. Aṣọ la kó lọ fún ìdílé kan nígbà kan, ẹni tó máa bá wọn jókòó ti bàbá wọn ní ọsibítù lálẹ́ ni wọ́n ń wá.

Sátidé tó ń bọ̀ a fẹ́ kó gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, aago méje àárọ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì kó mú un dání, méjì la ní, ọ̀kan ti kán.